Sí Dókítà Tó Pe Bọ̀dá Mi Jáde Sí Kọ́rídọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Mi ò ní dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ ọsibítù yín, torí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá, àti pé tí mo bá dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo báyìí, gbogbo àwọn tó kù á máa rò pé àwọn kọ́ ni mò ń bá wí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn náà ni. Ẹ ò lè rántí mi. Èmi ni mo wọ búbà àdìrẹ lọ́jọ́ yẹn, tí mo gbé fúláàsì ògì dání, tẹ́ ẹ ní "sístà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ti màmá, ẹ jẹ́ kí n rí bọ̀dá yín níta fún ìṣẹ́jú méjì péré."

Ìṣẹ́jú méjì náà ni lóòótọ́. Mò ń wò yín lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù. Ẹ há fáìlì màámi sí abíyá, ẹ ń sọ̀rọ̀, bọ̀dá mi ń mirí, nígbà tó yá ó ṣe bí ẹni fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ wá gbọ́wọ́ lé e léjìká, ẹ wo fóònù yín, ẹ bá tiyín lọ. Nígbà tí bọ̀dá mi fi máa wọlé padà ó ti lọ fomi bọ́jú, ó rẹ́rìn-ín sí màámi, ó ní "dókítà ní kò séwu, ẹ̀dọ̀ yín ló kàn wú díẹ̀, wọ́n á kọ oògùn fún yín." Màámi wò ó. Ó wo èmi náà. Ó ní "ó dáa, a dúpẹ́." Ó ní ká bu ògì yẹn fóun kó tó tutù.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lẹ ti rí nínú síkáànì, ó sì ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ràn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn bọ̀dá mi sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò, a jọ sunkún níbi tá a páàkì sí, a wá jọ fẹnu kò pé màámi ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Nítorí náà kí n tó máa bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi ná: ìṣẹ́jú méjì lẹ̀yin lò, ọ̀sẹ̀ méje gbáko làwa fi purọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí màámi jẹ́ fún yín, torí gbogbo ohun tó wà lórí káàdì yín ò ju obìnrin, ọdún 63, oníṣòwò. Èlùbọ́ ló ń tà l'Ákẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lórí ìsọ̀ kan náà, àmọ́ nǹkan tí ọjà fi mọ̀ ọ́n jù ni àjọ. Obìnrin bí ogójì ló ń dáwó fún un, ẹni tó ń dá 200 wà, ẹni tó ń dá 1,000 wà, lójoojúmọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹsasáìsì búùkù kan tó fi ọ̀rá wé. Orúkọ inú ẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Alákàrà. Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja. Pupa. Kọ́bọ̀ ẹnì kan ò sọnù rí. Obìnrin tó ń gbé owó ogójì èèyàn sórí tí kò dá a nù, òun lẹ wò lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ pinnu pé kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ara ẹ̀. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ní kọ́rídọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn ẹ ti fá a tán, ẹ ti gbálẹ̀ irun, olórí wà nínú wọ́ọ̀dù ó ń mu ògì.

Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn ẹbí ló ń bẹ̀ yín. Òótọ́ ni. Tí ẹ bá tiẹ̀ ti sọ pé ẹ fẹ́ bá màámi sọ̀rọ̀, èmi gan-an ni ǹ bá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ǹ bá ní "dókítà, ẹ ṣàánú wa, tẹ́ ẹ bá sọ fún un ìbẹ̀rù ló máa pa á kí àìsàn tó pa á." Gbogbo ẹbí ló ń sọ ọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ débi pé ẹ kì í dúró kí wọ́n bẹ̀ yín mọ́, ẹ ti mọ̀nà kọ́rídọ̀. Mo sì mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́rùn yín, mo rí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì látìdájí, mo rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti já lọ sí London àti Canada. Ọ̀rọ̀ tó máa gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú méjì lẹ ní. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Àmọ́ èyí tí mi ò ní gbà ni kẹ́ ẹ ní àṣà Yorùbá ni. Ẹ jọ̀ọ́, àṣà Yorùbá wo? Àwa tá a ń pe iṣẹ́ ìròyìn burúkú ní túfọ̀, tá a ní bá a ṣe ń ṣe é! Tí ọmọ èèyàn bá kú s'Ékòó, tí ìyá ẹ̀ wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ta ló ń pe ìyá lórí fóònù? Àgbà méjì mẹ́ta ló máa dìde lọ sílé ẹ̀ nídàájí, kó tó jáde lọ sọ́jà, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn lásán lọ́nà. Wọ́n á ní kó jókòó. Wọ́n á bi í ṣé ó ti fẹnu kan nǹkan. Wọ́n á sọ̀rọ̀ yíká yíká, wọ́n á ní ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé ara ọmọ ò yá láti ìjẹta, wọ́n á máa wojú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n bá wá sọ ọ́ tán pátápátá wọn ò ní fi í sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, àwọn kan á sùn síbẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó lọ̀ràn ni wọ́n sọ ọ́ fún. Lóòótọ́ nígbà míì a máa ń fi ikú ọmọ pamọ́ fún arúgbó tó ti rẹ̀ jù, mo mọ ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣì ń sọ fún pé ọmọ ẹ̀ wà ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ikú ọmọ nìyẹn. Ta ló ń fi ikú ẹni pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ kú?

Lọ́dún 2000 àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ kọ ìgbésẹ̀ mẹ́fà jáde lórí bí dókítà á ṣe máa sọ ìròyìn burúkú, SPIKES ni wọ́n ń pè é, ẹ máa mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ẹ wá ibi tó dákẹ́ jókòó. Ẹ bi aláìsàn ohun tó ti mọ̀ nípa ara ẹ̀. Ẹ bi í bó ṣe fẹ́ gbọ́ tó. Ẹ wá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó yé e. Tó bá ń sunkún, ẹ dúró tì í. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jọ sọ ohun tó kàn láti ṣe. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ló pa mí, mo ní túfọ̀ ìyá àgbà wa kọ́ lẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ yìí?

Wọ́n tún máa ń ní nǹkan òyìnbó ni sísọ òótọ́ fún aláìsàn. Òyìnbó wo? Lọ́dún 1961 wọ́n bi àwọn dókítà ní ọsibítù kan ní Chicago léèrè, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni. Ohun tẹ́ ẹ̀yin náà ń sọ lónìí ni wọ́n sọ: ọkàn rẹ̀ máa bàjẹ́, kò ní nírètí mọ́. Nígbà tí wọ́n tún fi irú ìbéèrè yẹn bi àwọn dókítà Amẹ́ríkà míì, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 1979, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn á sọ. Ọdún méjìdínlógún péré ló wà láàárín ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà láàárín ìgbà yẹn, ìṣe wọn ni wọ́n yí.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká fi òyìnbó sílẹ̀. Òfin ìlera ti Nàìjíríà tiwa yìí, ti 2014, abala 23 ẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ bí ara ẹ̀ ṣe rí fún un, oògùn àti ìtọ́jú tó wà, èrè àti ewu inú ẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun ò ṣe. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, bí ìwé tó kà ṣe mọ. Lóòótọ́ wọ́n fi àyè kékeré kan sílẹ̀, pé tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ ò ní ṣe onítọ̀hún lóore, dókítà lè dá a dúró. Ẹ̀rí tó lágbára o. Ṣé ojú tẹ́ ẹ fi wo màámi nìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ rí ìborùn lọ́rùn ẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn? Abala 26 òfin kan náà sì ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn. Ẹ wá wò ó, ẹ gbé àṣírí màámi fún bọ̀dá mi láì bi màámi, ẹ sì fi màámi sílẹ̀ láì gbọ́ àṣírí ara ẹ̀. Ohun méjèèjì lẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ní kọ́rídọ̀, àwọn alágbàfọ̀ ń kọjá.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ Fẹlá. Lóṣù August 1997 tí Fẹlá kú, gbogbo ìlú ń sọ tẹnu wọn, ẹni ní àwọn ṣọ́jà ló fún un ní májèlé, ẹni ní ayé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ìlera, ló jókòó síwájú àwọn oníròyìn lọ́jọ́ kejì tó ní àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Nígbà yẹn ta ló ń dárúkọ éèdì mọ́ ẹbí ẹ̀? Ìdílé ńlá l'Ábẹ́òkúta, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó sọ ọ́, torí ó mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ rédíò lọ́jọ́ yẹn ló kàn. Dókítà Yorùbá ni. Kí ló dé tí kì í ṣe òun lẹ ń fi ṣe àwòkọ́ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí wọ́ọ̀dù.

Ó máa jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta. Iná ti lọ, mò ń fi páálí fẹ́ màámi, ooru mú lọ́jọ́ yẹn bí ẹni ń yan àgbàdo. Ó dédé ní "Àdùkẹ́, ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ?" Àyà mi já. Mo ní "háà, màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ló wú." Kò fèsì. Ó na ọwọ́, ó gba páálí yẹn lọ́wọ́ mi, ó ń fi fẹ́ ara ẹ̀. Títí tó fi kú kò tún bi mí ní nǹkan kan nípa àìsàn yẹn mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì wá kí wa, tó sọ fún mi pé màámi ti sọ fún òun tipẹ́ pé òun mọ̀. Ó ní "àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kí n mọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo mọ̀, ọkàn wọn máa bàjẹ́." Àwa ń fi pamọ́ fún un, òun ń fi pamọ́ fún wa, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín síra wa bí àlejò.

Ẹ máa ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣebí ó kú láì bẹ̀rù. Ó kú nínú ìrora, dókítà. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wú díẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ béèrè oògùn ìrora tó lágbára? Báwo làwa tá a ń purọ́ ṣe fẹ́ béèrè ẹ̀ fún un? Ẹ ò fún un ju oògùn kéékèèké yẹn lọ, òun náà kò pariwo, ó ń bu ètè jẹ. Bẹ́ẹ̀ ní UCH n'Íbàdàn wọ́n ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n dín ìrora ẹni tí àìsàn ẹ̀ ò ṣeé wò mọ́ kù, wọ́n máa ń lọ bá èèyàn nílé pàápàá, mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń mu bí oògùn ikọ́ sì wà ní Nàìjíríà níbí. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀ fún wa. Mo ti ronú ẹ̀ títí, ohun tí mo rí ni pé ẹ ò lè rán èèyàn lọ síbẹ̀ láì sọ ohun tó ń ṣe é, torí ẹni tó bá dé ibẹ̀ á béèrè pé kí lẹ gbé mi wá síbí fún. Tẹ́ ẹ bá ti pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mọ́, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ ti pa mọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Owó tá a sì ná lọ́dọ̀ oníwòsàn tó ní òun máa fọ ẹ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́, ìyàwó bọ̀dá mi ṣì ń gbé e kọrin.

Èyí tó wá bí mi nínú jù, àwa ọmọ gan-an ò gbọ́ ẹ̀ tán. Ẹ sọ jẹjẹrẹ fún bọ̀dá mi, ẹ ò sọ ohun tó fà á. Ọmọ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń tú àwọn ìwé màámi wò lẹ́yìn ogójì ọjọ́, tó gbé ewé kan dání, tó ní "ẹ̀yin, ṣé gbogbo yín ti lọ ṣàyẹ̀wò?" Àyẹ̀wò kí ni? Ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, hẹpatáítìsì B, ó wà níbí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Àṣé ọdún gbọọrọ ni kòkòrò yẹn ti wà lára màámi láì yọ ọ́ lẹ́nu, kó tó di jẹjẹrẹ. Àṣé ìyá tó bá ní i lè fi ran ọmọ lọ́jọ́ ìbí, ọmọ tó bá sì kó o lọ́jọ́ ìbí, nínú mẹ́wàá bí mẹ́sàn-án ni kì í lọ lára wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó bá kó o, ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fọ́mọ lọ́jọ́ ìbí, 2004 ló tó dé Nàìjíríà, ìgbà yẹn wọ́n ti bí gbogbo wa tipẹ́. Àwa márùn-ún lọ ṣe é. Ó wà lára àbúrò wa tó kéré jù, ẹni ọdún 29, ìgbéyàwó ẹ̀ ku oṣù mẹ́rin.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí dókítà tàbúrò mi ṣe ṣe tiẹ̀. Obìnrin ni, kò dàgbà, bóyá ó fi ọdún díẹ̀ ju àbúrò mi lọ. Mo tẹ̀ lé àbúrò mi wọlé, kí n tó jókòó ló ti kọ́kọ́ kọjú sí i, ó ní "bọ̀dá, èsì yín ti dé. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wà níbí tá a bá ń sọ ọ́, àbí kí wọ́n dúró níta díẹ̀?" Àbúrò mi ní kí n jókòó. Ó pa fóònù ẹ̀, ó yí i dojú dé. Ó ní "kí lẹ ti gbọ́ nípa àìsàn yìí tẹ́lẹ̀?" Àbúrò mi ní "òun ló pa màámi." Obìnrin yẹn dákẹ́. Ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́." Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní "ó wà lára yín, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ ò rí i bí màmá ṣe rí i, wọ́n rí i nígbà tó ti pẹ́." Ó ní oògùn wà, tenofovir, kò ní lé e tán ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kó má fi síkáànì oṣù mẹ́fà mẹ́fà ṣeré, ó ní kí ìyàwó wá ṣàyẹ̀wò kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ìgbéyàwó tó dé. Èdè Yorùbá ló fi sọ gbogbo ẹ̀, àfi orúkọ oògùn. Àbúrò mi sunkún níbẹ̀, ó sunkún gan-an. Kò kú. Ìyàwó mọ̀, wọ́n ti gún un, wọ́n ti ṣègbéyàwó, ó ń lo oògùn ẹ̀ láràárọ̀.

Mo wo aago nígbà tá a jáde. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

Nítorí náà ohun tí mò ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa jáde síta wọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ máa pariwo jẹjẹrẹ. Àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́, wọ́n á ní "ẹ sọ ọ́ fún ọmọ mi, èmi àdúrà ni mò ń gbà," ẹ̀tọ́ tiwọn náà nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ẹ bi wọ́n. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kí èsì tó dé, kí ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà yín láṣọ, ẹ ní "màmá, tí èsì yìí bá jáde, ta lẹ fẹ́ ká sọ ọ́ fún?" Kẹ́ ẹ kọ èsì yẹn sínú fáìlì. Tí èèyàn bíi tèmi bá wá ń bẹ̀ yín pé ẹ má sọ, ẹ fi ohun tó wà nínú fáìlì hàn án, ẹ ní ọ̀rọ̀ ti màmá nìyí.

Ẹsasáìsì búùkù màámi wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọjọ́ kẹjọ làwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọn ò bínú, wọ́n ń tijú pàápàá, àwọn míì ní ká máa gbà á ká fi sin ín. Bọ̀dá mi san ti gbogbo ẹni tá a mọ̀. Ó ku ẹnì kan. "Àǹtí Oníbàtà, 500", ó dá a fún ọjọ́ 23 lóṣù tí màámi fi wọ ọsibítù, ó jẹ́ 11,500 náírà. Mo ti bèèrè dé gbogbo ìsọ̀ oníbàtà l'Ákẹ̀sán, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní bóyá èyí tó ń kiri ni. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi jókòó ti màámi, ìwé yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í léèrè àwọn orúkọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi í. Tí mo bá bi í, á mọ ìdí tí mo fi ń bi í.